Garawa, Búútà àti Ẹ̀rọ Omi: Ìtàn Bí A Ti Ń Ṣọ́ Omi Lò ní Ìkirè àti Àpòmù

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́dún yìí kò ga ju orí ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ kẹ̀? Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nílẹ̀ ni?" Ó wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí kí ó tó wá síbí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi ilé wa ń gbà lọ, ibẹ̀ náà ni a kì í sì í bojú wo ohun tí ó ń lọ.

Ohun tí a fẹ́ fi ìtàn fi hàn kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tí ó ṣáájú wa ní Ìkirè, ní Àpòmù àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kò fi omi ṣòfò, nítorí pé orí ni wọ́n fi ń rù ú, ohun èlò tí ó ní ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń bù ú. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n bí ẹrù ti sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹrù ni ó yẹ kí á jù sílẹ̀, kì í ṣe òṣùwọ̀n.

OHUN KÉKERÉ KÌ Í ṢE OHUN YẸ̀YẸ́

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ó mọ̀ ju Àpòmù lọ pé ohun kékeré lè di ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ará Ọ̀yọ́ ń wá síbẹ̀, ará Ifẹ̀ ń wá, ará Òwu ń wá, ará Ìjẹ̀bú náà ń gbé ọjà bọ̀ láti ìhà gúúsù. Ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà yìí. Kì í ṣe wúrà ni wọ́n jà lé, kì í sì í ṣe ilẹ̀. Ataare ni. Ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó rà á. Lóòótọ́, ìkùnsínú mìíràn ti wà nílẹ̀ ṣáájú, nítorí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jí gbé, tí wọ́n sì ń tà lẹ́rú ní àgbègbè náà. Ṣùgbọ́n ìjà ataare yìí ni ó ṣáná sí i. Nǹkan bí ọdún 1821 ni ogun Òwu bẹ̀rẹ̀, kò sì parí títí ìlú Òwu fi tú pátápátá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ̀kán omi tí ń jò lẹ́nu ẹ̀rọ kò tó ohun tí à ń sọ ní ìpàdé, ẹ sọ fún un pé hóró ataare náà kò tó nǹkan.

AYÉ ÌKÒKÒ ÀTI IGBÁ

Kí ẹ̀rọ omi tó dé, odò, ìsun àti kànga ni ilé ayé àwọn baba wa. Odò Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Ìkirè, àwọn odò kéékèèké sì wà káàkiri oko àti ìlú. Ta ni ń pọn omi? Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé ìkòkò àti agbè, wọ́n ti ká òṣùká lé orí. Wọn a lọ, wọn a bọ̀, wọn a tún lọ. Àmù ni wọ́n ń rọ omi mímu sí, ìkòkò mìíràn ni ti ìdáná, òmíràn ni ti ìwẹ̀. Kò sí ẹni tí í fi omi àmù wẹ ẹsẹ̀. Ètò wà nílẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ wẹ̀, wọn a gbé omi fún un nínú ìkòkò tàbí nínú igbá ńlá kan, pẹ̀lú igbá kékeré tí yóò fi máa bù ú. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ògiri amọ̀ ṣe é, wọ́n to òkúta sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ẹrẹ̀. Ẹni náà a kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ sí ara kí ara lè tutù. Lẹ́yìn náà a fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú bo ara láti orí dé ẹsẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń fi ọṣẹ ha ara, ẹ̀kán omi kan kò kán sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá ṣetán ni yóò fi ìyókù ṣan ara. Bí omi bá tán kí ọṣẹ tó tán lójú rẹ̀, òun ni ó mọ̀. Kò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Omi tí ó ṣàn jáde náà kò ṣòfò, ìdí kókò tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó máa ń gbà lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ fi máa ń tutù minimini nígbà ọyẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á pọ́n àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Ìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi omi ṣòfò nígbà náà, bàbá ilé tí wọ́n gbé omi fún ni, kì í ṣe ọmọbìnrin tí ó rù ú wá. Ẹni tí kò ru ẹrù ni kì í mọ bí ó ti wúwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

BÚÚTÀ, MUDU ÀTI SÁÀ

Nígbà tí ẹ̀sìn Islam fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ìlú wa, ohun èlò mìíràn wọ inú ilé, èyíinì ni búútà. Búútà ti amọ̀ wà, ti irin wà, ti ike ni ó sì gbòde lónìí. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: ẹnu rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ ní ìwọ̀n, ẹni tí ó gbé e mọ iye tí ó kù. Ẹ kò lè fi búútà kan ṣe àlùwàlá kí ẹ má mọ iye omi tí ẹ lò.

Kì í ṣe ọgbọ́n ilẹ̀ Hausa tàbí ti Yorùbá nìkan ni èyí. Ìlú Mẹ̀dínà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbé jẹ́ ìlú kànga àti ọgbà dàbínù láàárín ilẹ̀ gbígbẹ. Omi níye lórí níbẹ̀ débi pé ìtàn kànga Rumah kò parẹ́ títí di òní: Uthman ọmọ Affan ra kànga náà, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo Mùsùlùmí láti máa pọn láìsanwó. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Anas ọmọ Malik ti ròyìn, tí Bukhari àti Muslim sì gbà á wá, pé Ànábì a máa fi mudu kan ṣe àlùwàlá, a sì máa fi sáà kan sí mudu márùn-ún wẹ ìwẹ̀ rẹ̀.

Kí á má ṣì í gbọ́ o. Mudu tí à ń sọ yìí kì í ṣe mudu tí wọ́n fi ń wọn àgbàdo àti ẹ̀wà lọ́jà lónìí. Ti Ànábì ni ohun tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ènìyàn tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù. Bí a bá fi lítà wọ̀n ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ kà á sí ohun tí kò pé lítà kan, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Sáà ni mudu mẹ́rin, òun náà ni a fi ń wọn sàká ìtúnu-ààwẹ̀, ó tó bíi lítà 3.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ya ènìyàn lẹ́nu. Ọkùnrin kan gbọ́ ọ lẹ́nu Jabir ọmọ Abdullahi, ó ní sáà kan kò lè tó òun wẹ̀. Jabir dá a lóhùn pé ó tó ẹni tí irun orí rẹ̀ pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, tí ó sì dára jù ú lọ. Ó ní Ànábì lọ́kàn. Hadiisi mìíràn tún wà nínú ìwé Ibnu Majah, pé Ànábì bá Sa'd níbi tí ó ti ń ṣe àlùwàlá, ó sì kìlọ̀ fún un nípa fífi omi ṣòfò, kódà bí ó wà létí odò tí ń ṣàn. Àwọn onímọ̀ hadiisi ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ẹ̀wọ̀n àwọn tí ó gba hadiisi yìí wá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò tako ohun tí Al-Kùránì kọ́ wa. Súrà 7, aaya 31, ti kọ inákúnàá nínú jíjẹ àti mímu. Súrà 23, aaya 18, sì jẹ́ kí á mọ̀ pé ìwọ̀n ni Ọlọ́hun fi ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmọ̀, Òun ni ó fi í pamọ́ sínú ilẹ̀, Ó sì lágbára láti mú un lọ. Ọba tí ó ni omi ń wọ̀n ọ́n. Kí ni ó dé tí àwa tí a tọrọ rẹ̀ kò fi ní wọ̀n ọ́n?

AYÉ GARAWA ÀTI KÀNGA

Nígbà tí owó kòkó wọlé, ilé páánù pọ̀ sí i ní Ìkirè àti Àpòmù bí ó ti pọ̀ ní gbogbo agbègbè kòkó. Páánù mú ire méjì wá. Àkọ́kọ́, omi ọ̀sọ̀rọ̀ tí ó mọ́ ju ti orí koríko lọ. Wọ́n gbé agbada àti dọ́rọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Èkejì, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga sínú àgbàlá. Ìgbà yìí náà ni garawa gba ipò lọ́wọ́ ìkòkò. Agolo kẹrosíìnì ni garawa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ohun èlò omi. Garawa kan gba nǹkan bíi lítà 18, lítà omi kan sì wúwo tó kìló kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó ru garawa omi kan ru kìló 18 lórí, a kò tíì ka agolo mọ́ ọn.

Omi odò àti ọ̀gọ̀dọ̀ tí a fi sílẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí á máa ṣàárò rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà níbí mọ sọ̀bìà. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ ni ènìyàn ń mu kó o, tí aràn gígùn yóò fi gba ẹsẹ̀ jáde lẹ́yìn bí ọdún kan, tí àgbẹ̀ kò ní lè lọ sí oko, tí ọmọ kò ní lè lọ sí ilé-ìwé. Ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, wọ́n ka àwọn tí ó ní in ní Nàìjíríà, wọ́n ju 600,000 lọ. Kànga, omi tí a fi aṣọ sẹ́ àti ìlanilọ́yẹ̀ ni wọ́n fi bá a jà. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní orílẹ̀-èdè yìí, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí fi hàn wá pé ṣíṣọ́ omi lò kò túmọ̀ sí pé kí á padà sí ìyà. Omi tí ó mọ́ ni ọrọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọrọ̀ ṣòfò.

AṢÉJIRE ÀTI AYÉ Ẹ̀RỌ

Ní ìgbà òyìnbó, ìlú Ìbàdàn gba omi ẹ̀rọ láti Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti dí odò ní 1942. Ìbàdàn ń fẹ̀ sí i, omi náà kò tó mọ́. Àwọn aláṣẹ wá wo ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní ìparí ọdún 1960 sí 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjire, tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 30 sí ìlà-oòrùn Ìbàdàn, tí kò sì jìnnà sí Ìkirè. Ní 1972 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tí ó bá gba títì Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ yóò rí omi náà bí ó ti tẹ́ rẹrẹ. Wọ́n ṣe é láti lè pèsè nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 lítà lóòjọ́, ìlú Ìbàdàn sì ni ó wà fún jù lọ. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Ìkirè àti Àpòmù bọ́ sí Ọ̀ṣun, Aṣéjire sì wà ní ẹnu ààlà níhà Ọ̀yọ́.

Ẹ kò rí i bí? Odò ńlá wà nítòsí, ṣùgbọ́n ilé wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé e. Kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkirè àti Àpòmù gbójú lé. Odò náà pàápàá ti rí àbùkù: láti bí ọdún mélòó kan, àwọn tí ń wa wúrà lókè odò ti jẹ́ kí omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹrẹ̀, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọn má mu ún. Nítorí náà, omi inú ilẹ̀ ni àbò wa.

Báwo ni omi inú ilẹ̀ wa ṣe rí? Àpáta líle àtayébáyé ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè wa. Kì í ṣe odò ni ó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ bí àwọn kan ti rò. Inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà àti inú àwọn ibi tí àpáta ti sán ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Òjò tí ó ń rọ̀ láti bí oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá ni ó ń kún un. Bí ọyẹ́ bá dé, kò sí ohun tí ń kún un mọ́, a kàn ń fà á ni. Ìdí nìyẹn tí okùn fi ń gùn sí i ní kànga ní oṣù Kejì. Ìdí nìyẹn náà tí bọ́ọ̀hóòlù kan fi lè máa tú omi tí kànga aládùúgbò rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ẹni tí ó ní pọ́ńpù a máa sọ pé, "Omi mi ni, owó mi ni mo fi gbẹ́ ẹ." Owó rẹ ni o fi gbẹ́ ihò. Omi inú rẹ̀ kò mọ ààlà ilé.

BALÙWẸ̀ ÒDE ÒNÍ: Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ

Ẹ̀rọ mú ìdẹ̀rùn bá wa. Ẹ tan pọ́ńpù, tánkì kún, ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ, omi dé. Omi kò wúwo mọ́. Ohun tí kò wúwo, ojú kì í sì í tó o. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò dá ìwúwo rẹ̀ padà.

1. Àlùwàlá. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ń tú lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, tí ènìyàn ṣí i sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 tí ó fi ń ṣe àlùwàlá, lítà 18 ti lọ. Garawa kan gbáko nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ jẹ́ lítà 90. Bí ó bá jẹ́ búútà oní-lítà kan ni, lítà 5 péré ni. Fún ilé tí ènìyàn 6 wà, ìyàtọ̀ rẹ̀ lóòjọ́ jẹ́ lítà 510, ìyẹn ju garawa 28 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni nínú wa tí yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ ru garawa 28 láti odò, kí á sì dà á sí ojú àgbàrá lójú rẹ̀?

2. Ìwẹ̀. Ṣáwà tí ń tú lítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, bí a bá dúró lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, lítà 90 ni, garawa 5. Bí a bá pa á nígbà tí a ń fi ọṣẹ para, tí ó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 4 ni omi fi tú, lítà 36 ni, garawa 2. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú ike ìbomi kò tó garawa kan. Bí a bá sì fi sáà wọ̀n ọ́n, garawa kan tó ènìyàn 6 wẹ̀.

3. Ilé-ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣáláńgá àtijọ́ kò béèrè omi. Wọ́tà sísítẹ̀mù ni ó ń béèrè. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ṣẹ̀ wá: John Harington ṣe irú rẹ̀ ní 1596, Alexander Cumming sì gba ìwé-ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní London ní 1775. Ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá nínú ọdún ni wọ́n ti rò ó. Síbẹ̀, àwọn tí ó ṣe é ti rí i pé omi ń lọ jù. Ní Amẹ́ríkà, tánkì ẹ̀yìn rẹ̀ ń lo nǹkan bíi lítà 13 lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ọdún 1992 sọ ọ́ di lítà 6 fún àwọn tí wọ́n ń ṣe láti 1994. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ tirẹ̀ di lítà 6 láti 2001. Fún ilé ènìyàn 6 tí olúkúlùkù ń fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, lítà 13 yóò jẹ́ 390, lítà 6 yóò jẹ́ 180. Àwọn tí ó ní omi jù wá lọ ń dín in kù, àwa tí à ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti fi fa omi ń dà á nù.

4. Ẹ̀kán omi. Ẹ̀rọ tí ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń kán ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún àti irínwó (86,400) lóòjọ́. Bí ẹ̀kán 4,000 bá kún lítà kan, ju lítà 21 lọ ni ó ń lọ lóòjọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, garawa 36 ni. Wọ́ṣà kékeré tí owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì ni ó ń dá a dúró. Ataare Àpòmù tún nìyẹn.

Bí ẹnìkan bá rò pé èyí kò lè di ọ̀ràn ìlú, kí ó wo ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Òjò wọ́n fún wọn fún ọdún mẹ́ta. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba ìlú náà pàṣẹ pé kí ẹnì kan má lo ju lítà 50 lọ lóòjọ́ fún mímu, ìdáná, ìfọṣọ, ìwẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ìlú ńlá, ìlú olówó, ni ó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ṣáwà kí ó lè fi omi ìwẹ̀ ṣan ilé-ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ṣe é, ẹ̀rọ wọn kò gbẹ. Ohun tí ìyá-ìyá wa ń ṣe láìsí àṣẹ ni ìjọba fi òfin kọ́ wọn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Èkíní, kí á dá ohun èlò padà sí balùwẹ̀. Kí búútà wà níbẹ̀, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike ìbomi wà níbẹ̀, kódà bí ẹ̀rọ ń tú. Ní mọ́ṣáláṣí, kí àwọn aláṣẹ wo ẹnu ẹ̀rọ àlùwàlá, kí wọ́n dín bí ó ti ń tú kù, kí búútà sì wà fún ẹni tí ó fẹ́.

Èkejì, kí á pa ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń fi ọṣẹ para, tí a bá ń fọ eyín, tí a bá ń fá irùngbọ̀n.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí tánkì wọ́tà sísítẹ̀mù rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́ lè fi omi kún ìgò ike oní-lítà kan, kí ó dé e, kí ó gbé e sínú tánkì náà níbi tí kò ti ní dí irin rẹ̀ lọ́wọ́. Lítà kan kò ní wọlé mọ́ nígbàkúùgbà. Omi tí a fi fọṣọ kẹ́yìn àti omi ìwẹ̀ tí a gbà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó láti fi ṣan án.

Ẹ̀kẹrin, kí á gba òjò. Páánù tí ó wà lórí wa kò yí padà. Ṣùgbọ́n kí á jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páánù náà kí á tó gbà á, kí á sì dé dọ́rọ́ọ̀mù, kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí á má sọ ìmọ́tótó nù nítorí ìṣọ́lò. Kòrónà ọdún 2020 kọ́ gbogbo ayé pé ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ ń gba ẹ̀mí là, onígbáméjì sì ti kọ́ wa ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí pé ó ń ṣọ́ omi lò kò gbọ́ wa yé. Bẹ́ẹ̀ náà ni taìmámà: àìrí omi tàbí àìsàn ni ó wà fún, kò wà fún ọ̀lẹ. Ìdàkejì rẹ̀ ni iyèméjì tí ń mú ènìyàn fọ apá kan lẹ́ẹ̀meje. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òpin rẹ̀ nínú àlùwàlá.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ṣé búútà wa ni yóò mú kí ìjọba fa páìpù dé ilé wa?" Rárá o. Ojúṣe ìjọba wà lọ́rùn ìjọba, kí á sì máa béèrè rẹ̀ láìdákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọbìnrin tí a sọ pé a óò padà sí. Òun ṣì wà. Ní oṣù Kejì, nígbà tí kànga ilé wọn bá gbẹ, yóò gbé kẹ́ẹ̀gì, yóò máa wá ilé tí bọ́ọ̀hóòlù wà kiri, nígbà mìíràn ní àkókò tí ó yẹ kí ó wà ní kíláàsì. Omi tí ó dànù ní balùwẹ̀ wa ní oṣù Kejìlá wà lára ohun tí òun ń wá kiri ní oṣù Kejì. Bí a ti ń ṣọ́ omi lò, òun ni à ń bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Dída omi síwájú kì í ṣe dída omi nù. Ẹni tí ó fi omi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ fún ẹlòmíràn ni ó da omi síwájú.

Kí Ọlọ́hun rọ òjò àánú sí Ìkirè, sí Àpòmù àti sí gbogbo ilẹ̀ wa. Kí Ó má jẹ́ kí kànga wa gbẹ. Kí Ó fún wa ní ọkàn tí ó mọ ìwọ̀n. Àmín.